Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Gbọdọ̀ Wá

"Ta ló fojú kan Aurore láàárọ̀ yìí?"

Béatrice ló béèrè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹbu epo dé ni, epo pupa mù ún dé ìgúnpá, ó sì na apá méjèèjì síwájú kí wọ́n má baà kan aṣọ rẹ̀.  Fálúyì ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí àmì èédú àtijọ́ kún ara rẹ̀, ó ń pọ́n àdá tí yóò mú lọ sí oko ní Igana. Pacôme akọ́bí wọn jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé ìwé ìròyìn àtijọ́ lé orúnkún, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò kún àwọn àlàfo onígun mẹ́rin kan tó ti ń bá a jà láti àná. Ìyá Martial, aládùúgbò wọn tó ń dín àkàrà ní ẹ̀yìn ọgbà, obìnrin tí í máa dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í, òun náà dákẹ́. Epo nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú agbada rẹ̀.

"Ṣé ẹnu ń dùn yín ni?" Béatrice tún sọ. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mò ń béèrè, kì í ṣe abẹ́rẹ́."

"Ó ti lọ sí kọ́lẹ́jì ná," Fálúyì wí, kò gbójú sókè.

"Pẹ̀lú aṣọ wo?" Béatrice fi àgbọ̀n tọ́ka sí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Aṣọ kakí tí Aurore ń wọ̀ lọ sí kíláàsì wà níbẹ̀, omi ṣì ń kán ní ìṣẹ́tí rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. "Àbí aṣọ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí kọ́lẹ́jì ní Pobè báyìí?"

Òkúta tí Fálúyì fi ń pọ́n àdá dúró. Ìgbà náà ni Pacôme rántí. Ní àná, lẹ́yìn oúnjẹ, Aurore ti wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. "Fòfó," ó pè é bó ti máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí láti kékeré, "bí ènìyàn bá wá ọ̀rọ̀ kan lórí tẹlifóònù, ṣé àwọn kan lè mọ̀ pé òun ló wá a?" Pacôme kò tilẹ̀ yí ojú kúrò lórí ìwé. "Dúró kí n parí eléyìí. Ó ku ọ̀rọ̀ méjì péré." Nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì náà yóò fi pé, ọmọ ti wọlé lọ sùn. Pacôme, ọmọ yunifásítì tó wà ní ọdún kẹta ní Calavi, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń gbé ohun tó bá lọ́jú pọ̀ wá bá kí ó tú u, kò tú ìbéèrè tí àbúrò rẹ̀ gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sì sọ èyí fún ìyá rẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá ọmọ náà.

Tẹlifóònù ìyá wọn wà lórí tábìlì, lórí ìwé ìṣirò. Òun nìkan ni tẹlifóònù olójú ńlá tó wà nínú ilé yàtọ̀ sí ti Pacôme. Ọ̀sán ni ti Béatrice, tí í fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ ní Porto-Novo. Alẹ́ ni ti Aurore, tí í fi ka ẹ̀kọ́. Wọ́n ti pa á. Béatrice kì í pa tẹlifóònù rẹ̀ láé. Pacôme tàn án. Ó jí, àwọn iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù.

Ó kà á títí dé òpin. Ó gbé e jáde sí àgbàlá, ó ń ka Faransé rẹ̀ lójú, ó ń fi Yorùbá sọ ọ́ fún àwọn òbí rẹ̀. Ẹnì kan tí kò lórúkọ, tó fi àwòrán ọkùnrin onígílásì kan ṣe ojú ara rẹ̀, ti yọ́ wọ inú ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì Aurore dá sílẹ̀. Ó ní ìbéèrè ìdánwò àṣejáde BEPC ti jáde. Ó ní kí wọ́n má béèrè ní gbangba, kí wọ́n kàn kọ ọ̀rọ̀ kan sí ibi tí a ti ń wá nǹkan, wọn yóò rí i. Kí wọ́n má sì sọ fún àgbà kankan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà. Kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n dà pọ̀, pẹ̀lú àwòrán èso kan láàárín, kò jọ Faransé, kò jọ Gun, kò jọ èdè ẹnikẹ́ni tí ìyá bí.

"Ó sì wá a?" Fálúyì béèrè.

"Ó wá a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé sí òun nìkan. Wọ́n ní àwọn ti rí i pé ó ti dé. Wọ́n ní kó fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn lè mọ̀ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni lóòótọ́."

"Fọ́tò wo?" Béatrice sún mọ́ ọn.

Pacôme yí ojú tẹlifóònù sí i. Fọ́tò ìkórè ọdún tó kọjá ni, Aurore nínú aṣọ funfun ìjọ wọn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó ń rẹ́rìn-ín tí eyín rẹ̀ fi tán síta. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ló burú. Wọ́n ní fọ́tò náà ti di tiwọn. Wọ́n ní àwọn mọ bí a ṣe ń yọ orí láti ibì kan lẹ̀ mọ́ ara ẹlòmíràn, gbogbo kọ́lẹ́jì yóò sì rí i, àyàfi bí ó bá wá bá àwọn ní Sakété ní ọjọ́bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, òun nìkan.

"Òní ni ọjọ́bọ̀," Fálúyì wí.

Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.  Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nígbà tí ẹ̀rù bá pọ̀ jù nínú ilé, wọ́n a pa á dà sí ìbínú kí wọ́n lè rí i gbé.

"Ìwọ lo ní ká ra tẹlifóònù olójú ńlá!" Béatrice pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Èmi? Ta ló ní àwọn oníbàárà fẹ́ rí àwọ̀ epo kí wọ́n tó sanwó?"

"Mo ní kí wọ́n rí epo! N kò ní kí wọ́n rí ọmọ mi!"

"Ọmọ rẹ? Mo bá ọ bí i, Béatrice. Ìgbà wo lo jókòó tì í kẹ́yìn? Ẹbu, ẹbu, ẹbu. Bí ọmọ bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, àfi kó di èso ọ̀pẹ."

"Ìwọ tí o jókòó tì í ńkọ́? Kí lo rí?"

 Fálúyì tún fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, bí ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè dá gbé e mọ́.

Pacôme kò gbọ́ ìjà náà mọ́. Ojú rẹ̀ wà lára ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ohun tí wọ́n bá dì ni í máa yún un lọ́wọ́. Ó ti tú rédíò bàbá rẹ̀ wò, ó ti tú aago ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn? Kí ló dé tó jẹ́ èso ni wọ́n fi sáàárín? Bí òun bá lè wọ ibẹ̀, òun yóò mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, bóyá òun yóò tilẹ̀ rí orúkọ, ojú, ilé. Ó yọ tẹlifóònù tirẹ̀ jáde, ó ṣí ibi ìwádìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ náà kọ, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó kọ ọ́ tán. Ó ku kí àtàǹpàkò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Pacôme! Má tẹ̀ ẹ́!"

Ìyá Martial ti gba àárín ọgbà wọlé, kò tilẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà, ewé ẹ̀gẹ́ lẹ̀ mọ́ gèlè rẹ̀, ó ṣì di ṣíbí oníhò tó fi ń yí àkàrà mú.

"Ìyá Martial, ọ̀rọ̀ ilé wa ni," Béatrice wí.

"Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé tèmi náà ni, ẹ kàn ò tíì mọ̀ ni." Ó dúró níwájú Pacôme, epo ń kán láti ẹnu ṣíbí rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn. "Pa á rẹ́ kúrò níbẹ̀. Pa á rẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀."

Pacôme wò ó. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá ti rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kò mọ ìwé, tí í gbé tẹlifóònù oníbọ́tìnnì wá bá a kó lè bá òun wá nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò kúrò níwájú rẹ̀. Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dùn ún bí ìgbà tí a bá fi àlọ́ sílẹ̀ láìjá a.

"Ìyá Pacôme," obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó dojú kọ Béatrice, "ẹ ti sọ ọ́ ní ẹbu, wọ́n sì ti wá sọ fún mi, pé ìmẹ́lẹ́ ni Martial, pé ìdí nìyẹn tí mo fi mú un lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Yoko ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn."

Béatrice wo ilẹ̀.

"Mo jẹ́ kí ẹ sọ ọ́. Ìmẹ́lẹ́ rọ̀ mí lọ́rùn ju òtítọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ bí irú èyí ni wọ́n fún ọmọ náà. Kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìyá kan ló bí wọn. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ni. Ó kàn fẹ́ mọ̀! Ó tẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, wọ́n ti mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú tẹlifóònù rẹ̀, títí dé ti alùfáà. Ọmọ kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin ni mo gbá a mú létí kànga."  Kò sí ẹni tó bi í pé kí ni ọmọ ń wá létí kànga. "Obìnrin ọlọ́pàá kan ló là wá lọ́yẹ̀ ní Sakété. Ó ní ẹni tó gbẹ́ kòtò kò bìkítà bóyá o wá yọjú wò ó ni. Kí o ṣáà ti dé etí rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìkà ń kó àwòrán ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ pa mọ́ sí, ẹni tó bá sì lọ wò ó, kódà bó ṣe ojúmìító ló gbé e lọ, ó ti kún ọjà wọn. Ó ní ẹ má wá a. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kódà kí ẹ fi kìlọ̀ fún un. Ẹ má fèsì, ẹ má san nǹkan kan, ẹ má sì pa ohun tí wọ́n kọ sí ọmọ rẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà bó ti wà, kí ẹ gbé e tọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́."

"Oṣù mẹ́fà," Béatrice wí jẹ́jẹ́. "Oṣù mẹ́fà ni ẹ fi gbé èyí nìkan, ọgbà kan ṣoṣo ló wà láàárín wa."

"Ojú ló ń tì mí. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó jìn náà gbọ́dọ̀ kígbe kí ará yòókù tó gbọ́. N kò kígbe." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára Fálúyì tó ti dìde, tó ń rìn lọ rìn bọ̀. "Ẹ̀yìn yín dúdú bí ìdí ìkòkò, Bàbá Pacôme. Kí lẹ fi ara nù?"

"Ṣé èyí ló kàn báyìí?" Fálúyì dáhùn, ó sì tún lọ fẹ̀yìn ti ibi tó ti kúrò.

Pacôme ní, "Tantí Jocelyne wà ní Sakété. Ẹ̀yìn ọjà gan-an ni ibi tó ti ń ránṣọ. Ta ló ní nọ́ńbà rẹ̀?"

Kò sí ẹni tó ní in. Jocelyne ni àbúrò Fálúyì obìnrin. Ọdún méjì ti kọjá tó ti dúró níwájú èrò níbi ìsìnkú ìyá wọn, tó sì sọ pé epo tí Béatrice fi se ọbẹ̀ lómi nínú. Ẹni tí kò bá tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn ọ̀pẹ rí lè rò pé àwàdà ni. Ní ẹbu, bí wọ́n bá ní epo rẹ lómi, wọ́n ti ní olè ni ọ́. Ọjọ́ náà ni Béatrice pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ nínú tẹlifóònù, ó pa á rẹ́ nínú ti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú, Fálúyì sì dákẹ́ nítorí àlàáfíà. Irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ náà ló wà nílẹ̀ yìí.

"Lọ bá a," Béatrice wí fún ọmọ rẹ̀. Ó gbà á lágbára kó tó sọ ọ́. "Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó bá mi wá ọmọ mi. Sọ bẹ́ẹ̀. Má fi orúkọ bàbá rẹ bò mí."

Ní ibùdó àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì, Valentin, tó ń gbé àwọn ará ilé wọn kiri láti ọjọ́ pípẹ́, ń fi omi nu ìjókòó ọ̀kadà rẹ̀. Pacôme kò tíì béèrè tán.

"Èmi ni mo gbé e. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ó ní Sakété."

"Níbo ní Sakété?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọjà ló ní kí n já òun sí. Kí ló dé? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ rán an ni?"

Pacôme ti gùn ún lẹ́yìn kí Valentin tó sọ èyí tó kù.

Kò mọ bí ọ̀nà náà ti gùn tó lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì, erùpẹ̀ pupa, ọkọ̀ ńlá tó ru sìmẹ́ńtì, àwọn ọmọ nínú kakí tí wọ́n ń ti kíláàsì bọ̀ lẹ́bàá títì, gbogbo wọn ń wo ọwọ́ ara wọn, tẹlifóònù kan láàárín orí márùn-ún. Ó fẹ́ kígbe sí wọn. Kí ni yóò pariwo? Ọ̀rọ̀ tí a kò gbọdọ̀ pè, báwo ni a ṣe ń kìlọ̀ rẹ̀?

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ọjà, ó dúró, ó sì ń wo àwọn ọkùnrin. Ọ̀kan ń ta káàdì tẹlifóònù. Ọ̀kan fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń jẹ àkàsà pẹ̀lú ẹja díndín. Bàbá kan tó wọ gílásì ń dúró de ẹnì kan lórí ọ̀kadà, ó ń wo aago. Pacôme tẹjú mọ́ onígílásì yìí títí obìnrin kan fi dé pẹ̀lú ìkókó, tí bàbá náà gba ìkókó lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi ẹnu kàn án ní iwájú orí. Ojú ti Pacôme. Ìkà kì í ru àmì sórí. Ó lè jẹ́ pé kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ pé ibi tó jìnnà ju Kútọnù lọ ni ẹni náà jókòó sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rí àlọ́ tí òun nìkan kò lè já. Ó sáré gba ẹ̀yìn ọjà.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta wà ní ìta ilé Jocelyne, ọmọ iṣẹ́ méjì jókòó tì wọ́n.

"Patrọ́ọ̀nù ti jáde tipẹ́," èyí àgbà wí nípa ọ̀gá wọn, abẹ́rẹ́ wà ní ẹnu rẹ̀. "Ọmọdébìnrin kan wá pẹ̀lú ẹkún láàárọ̀ kùtù. Patrọ́ọ̀nù kò tilẹ̀ jẹun. Wọ́n lọ sí kọ̀mísáríà àwọn ọlọ́pàá."

 Pacôme sún mọ́ ọn. "Àwọn méjèèjì? Ọmọ náà wà pẹ̀lú rẹ̀?"

"Patrọ́ọ̀nù dì í lọ́wọ́ mú ni, bí ẹni tó di owó iṣẹ́ mú."

Ní kọ̀mísáríà ló bá wọn, lórí àga gígùn lábẹ́ fèrèsé. Jocelyne ní okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, kò ráyè bọ́ ọ. Aurore jókòó tì í, ó ń jẹ ẹ̀pà tí wọ́n rà fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò tíì dá a lójú pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹun. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ojú pamọ́ sí ìhà Jocelyne.

"Ọmọ yunifásítì," Jocelyne wí, "o pẹ́ kí o tó dé. Àbí ọ̀nà ni o ń ṣírò?"

Pacôme kò rí ẹ̀rín rín. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú àbúrò rẹ̀. "Fòfó rẹ kò gbọ́ ọ lánàá. Má bínú."

"Ọ̀rọ̀ méjì ló kù fún ọ," Aurore dáhùn láti abẹ́ apá. "O ti rí wọn?"

Ìgbà náà ni ẹkún gba ọmọ náà.

Obìnrin ọlọ́pàá tó gba tẹlifóònù ìyá wọn lọ́wọ́ Pacôme kì í ṣe ẹni tó ga, kò sì pariwo. Ó ka ohun gbogbo. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ náà, kò tẹ̀ ẹ́. Ó fi bíírò dà á kọ sórí ìwé, ó sì dojú ìwé náà bolẹ̀. "Ìwọ náà wá a?" ó bi Pacôme.

"Ó kù díẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́. Aládùúgbò wa kan ló dá mi dúró."

"Ta nìyẹn?"

Pacôme sọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà gbé orí sókè. "Alákàrà? Ó sọ ọ́ síta?" Ó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí wọ́n rí nínú ilé náà. "Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní ó ti bá mi ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan."

Ó yíjú sí Aurore. "Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìdánwò ń dẹ́rù bà yín, ni wọ́n bá fi ìdánwò dẹ pańpẹ́. Ẹ̀yin márùn-ún ni mo rí tẹ́ ẹ dáhùn níbí. Ìwọ lo kọ́kọ́ wá. Nítorí rẹ, a ó pe kọ́lẹ́jì yín lónìí, àwọn mẹ́rin yòókù kò ní nílò láti dá sunkún." Kò sọ pé àwọn yóò mú ẹni náà. Ó ní àwọn yóò wá a, wọn yóò sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀ ọ́n wá ní Kútọnù. Pacôme mọrírì rẹ̀ pé kò ṣèlérí ju agbára rẹ̀ lọ.

Lójú ọ̀nà ni ó bi Aurore pé kí ló dé tó fi jẹ́ Jocelyne. Ọmọ náà ní, "Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo fa aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ya, ẹ̀rù ń bà mí láti fi han Ìyá. Tantí ní, 'Ohunkóhun tó bá ya, tí o kò bá lè gbé e hàn nílé, gbé e wá kí n rán an.'"

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí àwọn àti Jocelyne dé Pobè. Fálúyì wà níbi tí wọ́n fi í sí, ní ìdí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Kò lọ sí Igana, kò jẹun, kò pọ́n àdá. Ìyá Martial ti gbé agbada kúrò níná, ó ti da gbogbo àkàrà òwúrọ̀ sínú àwo ńlá kan, ó gbé e sáàárín àgbàlá, kò ta ẹyọ kan. Béatrice rí ọmọ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Kò ké. Ó rìn lọ, ó sì gbá a mọ́ra pẹ̀lú apá elépo méjèèjì tí kò tíì fọ̀ láti òwúrọ̀, tí aṣọ ọmọ fi pọ́n ní ẹ̀yìn látòkè délẹ̀.

Nígbà tó tú u sílẹ̀, ó wo Jocelyne. Àwọn méjèèjì dúró. Gbogbo ènìyàn rí bí omi ọdún méjì náà ti jìn tó láàárín wọn. Béatrice wọ ilé ìdáná, ó bu epo àkọ́fún, èyí tí kì í tà, sínú ìgò kan, ó gbé e jáde, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan.

"Gbà. Gbé e sí oòrùn, kí o wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀."

Jocelyne gba ìgò náà, ó gbé e sókè sí ojú ọjọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ìyàwó mi, kò sí omi. Kò sí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Ẹnu mi ló lómi."

Ìyá Martial ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Fálúyì, ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ dún bí ikọ́. Béatrice fa Ìyá Martial mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa Jocelyne mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ọlọ́ṣà tó kóni lẹ́rù lọ. Méjì ni yín. Èmi kò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Martial, ẹ ní kí Martial máa bọ̀ wálé. Ẹni tó bá tún pè é ní ìmẹ́lẹ́ ní ẹbu, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá jà."

Wọ́n jẹ àkàrà. Ó ti tutù, ó sì dùn. Ìgbà tí inú kún tán ni ìbínú ìyá, tó ti ń dúró létí ọ̀nà, wá rí àyè wọlé.

"Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí. O dìde ní ìdájí, o jáde, o kò sọ fún ẹnì kankan. O fẹ́ pa wá? Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo sọ, Ìyá."

"Fún ta?"

"Fún gbogbo yín. Ẹ ti lọ sí ẹbu, Bàbá àti Fòfó sì ń sùn. Mo sọ ọ́ síbi tí a ti ń sọ ọ́."

Wọ́n wo ara wọn. Pacôme wo tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ó tún lè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn rántí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí tẹlifóònù tó wọlé wọn, èédú ni ilé yìí fi ń ránṣẹ́. Béatrice ló dá a sílẹ̀, nítorí òun àti ọkọ rẹ̀ kò mọ ìwé. Ẹni tó bá ń jáde, tí kò rí ẹni tó máa sọ fún, a mú èédú lẹ́bàá ààrò, a ya àmì ibi tó ń lọ sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọkọ́ ni Igana. Apẹ̀rẹ̀ ni ọjà. Àgbélébùú ni ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n kà, títí dé orí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ya nǹkan kan síbẹ̀.

"Bàbá," Aurore wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Fálúyì dìde kúrò lára ilẹ̀kùn. Láàárín àwọn àmì tó ti ṣá, ní ọ̀gangan ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà láti òwúrọ̀, èédú tuntun wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti lọ sára aṣọ rẹ̀, ìdajì yòókù sì hàn kedere: ojú róbótó méjì, ẹsẹ̀ gígùn méjì tó gba ara wọn kọjá. Àlùmọ́gàjí ni, àmì ilé Jocelyne.